Kí Ẹ Tó Ra Graphics Card fún Dẹ́sítọ́ọ̀pù Àtijọ́, Ẹ Ṣí Àpótí Rẹ̀ Wò

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe Windows 10 dúró. Oṣù yẹn kan náà ni NVIDIA, tó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú graphics card (ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán sójú mọ́nítọ̀) tí ayé ń lò, ṣe àtúnṣe ńlá ìkẹyìn fún ìdílé káàdì GTX 900 àti GTX 10. Ìròyìn méjèèjì wá lọ́ mọ́ra wọn. Ohun tí à ń gbọ́ láti ẹnu oníbàárà dé ẹnu òǹtajà ni pé kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti kú, àfi kí èèyàn ki graphics card tuntun sí i kó lè gba Windows 11. Ọ̀dọ́ tó ń ṣe fídíò ìgbéyàwó, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ya pláànù ilé lórí AutoCAD, ọmọ tó kàn fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀, gbogbo wọn ló ń náwó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí káàdì olówó gọbọi tí kò lè wọ inú àpótí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Graphics card kò lè sọ dẹ́sítọ́ọ̀pù tí Windows 11 kọ̀ di èyí tó gbà. Processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni Windows 11 kọ́kọ́ ń wò, pẹ̀lú ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Bó bá jẹ́ ti Intel, láti ìran kẹjọ ni wọ́n ti ń gbà wọlé. Káàdì tó wù kí ẹ kì sí kọ̀ǹpútà ìran kẹta, ìran kẹta náà ni yóò máa jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ dúró lórí Windows 10, Microsoft fi ọdún kan kún àtúnṣe ààbò fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2026.

Káàdì náà wúlò gidigidi níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà. Àmọ́ àpótí tó wà nílẹ̀ ló ń yan káàdì. Ẹni tó bá ti mọ ohun tí àpótí rẹ̀ lè gbà kò ní pẹ́ lọ́jà.

Iṣẹ́ wo ni graphics card ń ṣe?

Àmì kéékèèké ló so pọ̀ di àwòrán tí ẹ ń rí lójú mọ́nítọ̀. Mọ́nítọ̀ tó wọ́pọ̀ jù ní 1,920 àmì níbùú àti 1,080 lóròó, àpapọ̀ wọn sì lé ní mílíọ̀nù méjì. Bí géèmù tàbí fídíò bá ń lọ geere, ìgbà 60 ni kọ̀ǹpútà ń kun gbogbo wọn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní mílíọ̀nù 124 àmì tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ yan àwọ̀ fún kí aago tó dún ṣẹ́kẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Processor gbọ́n, ó sì yára, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Core i5-3470 ti Intel, ìran kẹta, tó wà nínú ọ̀pọ̀ jaburata Dell àti HP tòkunbọ̀ tó wà nílẹ̀ wa, ọwọ́ mẹ́rin péré ló ní. Ó dà bí ọ̀gá àgbẹ̀ tó mọ gbogbo iṣẹ́ oko láti orí títa iṣu dé orí àkọsílẹ̀ owó ọjà, ṣùgbọ́n tó jẹ́ òun nìkan ló ni ọkọ́. Graphics card ni ọ̀wẹ̀. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló tú sóko lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú kọjú sí ebè tirẹ̀, kò sí èyí tó ń ro ohun tó díjú nínú wọn, ṣùgbọ́n kí oòrùn tó kan àtàrí, ilẹ̀ ti mọ́. Lórí GTX 1650, irú ọwọ́ kéékèèké bẹ́ẹ̀ jẹ́ 896.

Iṣẹ́ tó bá ṣeé pín báyìí ni káàdì ti ń yọrí: àwòrán inú géèmù, àwọ̀ àti àrà inú fídíò, ilé tí ayàwòrán fẹ́ yí po lójú mọ́nítọ̀. Lẹ́tà kíkọ, ìṣirò owó lórí Excel àti ìròyìn kíkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò nílò rẹ̀.

Dẹ́sítọ́ọ̀pù ọ́fíìsì sábà máa ń ní kékeré kan nínú processor rẹ̀. Intel HD 2500 ni ti i5-3470, HD 4600 ni ti i5-4570. Kò ní ìrántí tirẹ̀, inú RAM, ìrántí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ló ti ń yá. Ó tó fún fíìmù wíwò. Ibi tó ti ń kú ni géèmù àti fídíò tó ní ìpele púpọ̀.

Ṣé àìní káàdì ló ń dà yín láàmú lóòótọ́?

Bí kọ̀ǹpútà bá ń pẹ́ kó tó tàn, tó sì jẹ́ pé ẹ lè lọ pọn omi kí ẹ tó bá a níbi tó ti ṣí tán, hard disk onírin tó ń yí ni ẹ bi. SSD, irú disk tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ni oògùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣí ojú ìwé márùn-ún lórí Chrome tó bẹ̀rẹ̀ sí í gán, ẹ wo RAM: 4GB kò tó nǹkan mọ́ lóde òní, 8GB ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, 16GB fún ẹni tó ń ṣe fídíò. Méjèèjì yìí sábà máa ń rọ̀ lápò ju káàdì lọ, wọ́n sì wọ inú àpótí èyíkéyìí.

Ọ̀nà tó dájú wà. Ẹ ṣe iṣẹ́ tó ń fa wàhálà náà gan-an, kí ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí Performance, kí ẹ máa wo èyí tó gun 100% tó sì dúró síbẹ̀. Bó bá jẹ́ Disk tàbí Memory, ẹ ti rí i. Bó bá jẹ́ GPU, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ya àwòrán, a jẹ́ pé káàdì ló kù. Kọ̀ǹpútà ìran kẹta lè má fi GPU hàn níbẹ̀ rárá. Ẹ lo ètò kan tó ń jẹ́ GPU-Z, ọ̀fẹ́ ni, ó kéré, ó sì ń sọ òtítọ́. Bó bá wá jẹ́ CPU, ìyẹn processor, ló wà ní 100% nígbà tí GPU ń sinmi, káàdì tó lágbára kò ní yí ohunkóhun padà, nítorí processor ló ń fún un níṣẹ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń gba ẹni tó ní i5 ìran kejì tàbí ìkẹta níyànjú láti wá káàdì ńlá. Iṣẹ́ tí yóò fi gbé e kò sí lọ́wọ́ processor yẹn.

Wáàtì mélòó ni power pack yín lè gbé?

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Dell OptiPlex, HP Compaq Elite, HP EliteDesk, Lenovo ThinkCentre: ọ́fíìsì òkè òkun ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ilé iṣẹ́ lo wọ́n fún ọdún díẹ̀, wọ́n pààrọ̀ wọn, ọkọ̀ ojú omi kó wọn wá fún wa. Nítorí pé iṣẹ́ akọ̀wé ni wọ́n rò mọ́ wọn, ìwọ̀n iná tó tó iṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n fún wọn, kò sí àṣẹ́kù púpọ̀.

Power pack ni àpótí onírin kékeré tí wáyà iná wọ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ìwé pélébé kan wà lára rẹ̀ tí iye wáàtì wà lórí rẹ̀. Ti OptiPlex 7010 gogoro, 275 ni; ti 7010 pẹlẹbẹ, 240. Ti HP Compaq Elite 8300 gogoro, 320. Ti pẹlẹbẹ rẹ̀, 240. Ẹ tún wo ìlà tí wọ́n kọ +12V sí lórí ìwé náà, torí ìlà yẹn ni káàdì ń fà. Iye A (ampere) tó wà níbẹ̀, ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ẹ bá rí 16A, wáàtì 192 nìyẹn, òun sì ni processor àti káàdì yóò jọ pín.

Ihò tí káàdì ń wọ̀ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà so mọ́, lè fún un ní wáàtì 75, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Káàdì tó bá ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ ń béèrè wáyà tirẹ̀ tààrà láti inú power pack: ẹlẹ́nu mẹ́fà ń gbé 75 mìíràn wá, ẹlẹ́nu mẹ́jọ ń gbé 150. Power pack ọ́fíìsì wọ̀nyí kì í sábà ní irú wáyà bẹ́ẹ̀. Ààlà yín nìyẹn: káàdì tí kò béèrè wáyà, tí oúnjẹ rẹ̀ kò kọjá wáàtì 75.

Ẹ jẹ́ ká fi OptiPlex 7010 pẹlẹbẹ dán an wò. Processor i5-3470 lè jẹ tó 77. Káàdì lè jẹ 75. Ẹ fi nǹkan bí 40 sílẹ̀ fún SSD, RAM, fáànù àti mọ́dábọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. 192 ló di, nínú 240. Ó wọlé, àyè díẹ̀ sì ṣẹ́ kù. Èyí ló fi jẹ́ pé ẹni tó ń sọ pé "wáàtì 240 kò lè gbé graphics card kankan" kò tọ̀nà, ẹni tó sì ń sọ pé "kò sí wàhálà, gbogbo rẹ̀ ló ń gbé" kò tọ̀nà bákan náà.

Ohun kan wà tí wọ́n ń tà lọ́jà tí mo fẹ́ kí ẹ sá fún: wáyà tó ń sọ ẹnu SATA, èyí tó ń fún hard disk níná, di ẹlẹ́nu mẹ́fà fún káàdì. Ẹnu SATA kò lè gbé ju wáàtì 54 lọ láti ìlà 12V. Káàdì tó bá fà 75 gba ibẹ̀, rọ́bà ẹnu wáyà náà ni yóò kọ́kọ́ yọ́, iná lè ràn lẹ́yìn náà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dá yín lọ́kàn le.

Àwọn kan á ní, ṣé a ò kúkú lè pààrọ̀ power pack ni? Nínú 7010 gogoro, ó ṣeé ṣe, torí ẹnu mẹ́rìnlélógún tí gbogbo ayé ń lò ló wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀. Àmọ́ Dell yí i padà nínú 9020, ẹlẹ́nu mẹ́jọ tirẹ̀ nìkan ló gbà. HP náà ní ẹlẹ́nu mẹ́fà tirẹ̀ nínú àwọn Elite 8300 kan. Èyí tí ẹ bá rà lọ́jà kò ní bá irú wọn mu láìsí wáyà àgbéwọ̀. Bó bá sì jẹ́ pẹlẹbẹ, kò sí àyè tí power pack gbogboogbò yóò gbà wọlé.

Àyè inú rẹ̀ ńkọ́?

Àpótí gogoro ń gba káàdì tí gíga rẹ̀ pé. Àpótí pẹlẹbẹ ń fẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní low profile, tí kò ga ju nǹkan bí ìdajì lọ. Irin pélébé tó wà létí káàdì, èyí tí síkúrúù ń dè mọ́ ara àpótí, gbọ́dọ̀ jẹ́ kúkúrú náà. Ẹ béèrè irin yìí kí ẹ tó sanwó, torí káàdì tòkunbọ̀ sábà máa ń dé pẹ̀lú irin gígùn nìkan. Láìsí i, káàdì yóò máa mì nínú ihò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fà wáyà mọ́nítọ̀.

Lẹ́yìn gíga, ó ku sísanra. Káàdì tí fáànù rẹ̀ pọ̀ ń gba àyè ihò méjì. Nínú àwọn OptiPlex pẹlẹbẹ kan, ihò gígùn tó yẹ káàdì wà lẹ́bàá power pack gan-an, débi pé èyí tó sanra kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ ṣí àpótí, ẹ mú rúlà, ẹ wọn láti ihò dé ohun tó kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti láti ẹ̀yìn àpótí dé ibi tí hard disk ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ sí Òtígbà, ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tín-ín-tín tó tó ìwé atúmọ̀ èdè kò ní ibi tí ẹ lè ki káàdì sí rárá.

Ihò náà fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro. PCIe ni orúkọ rẹ̀, gígùn rẹ̀ ni ti káàdì, èyí tuntun sì ń bá èyí àtijọ́ ṣiṣẹ́. Kìkì pé ihò kọ̀ǹpútà ìran kejì, bí OptiPlex 790 àti 990, jẹ́ PCIe 2.0, tó ń gbé nǹkan bí ìdajì ohun tí 3.0 ti ìran kẹta ń gbé. Ó ní ibi tí yóò ti ṣe pàtàkì, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Káàdì wo ló yẹ kí ẹ máa wá?

Ohun àkọ́kọ́ tí òǹtajà yóò sọ ni GB. "Four gig ni, ọ̀gá, ó lágbára." GB ni ìwọ̀n ibi tí káàdì ń kó nǹkan sí, kò sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. GT 730 tó ní 4GB wà káàkiri. Ọwọ́ iṣẹ́ 384 ló wà lórí èyí tó dáa jù nínú wọn, 96 péré sì ló wà lórí òmíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ìrántí DDR3 tó lọ́ra ni wọ́n sì fi fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. GTX 1050 tó ní 2GB ní ọwọ́ 640, ìrántí rẹ̀ ń gbé 112GB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti GT 730 onírú DDR3 kò sì dé 30. Èyí tó ní ìdajì GB ló fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ju èkejì lọ. Mi ò rí ìdí kankan tí èèyàn fi máa ra GT 710 tàbí GT 730 lónìí, àfi bí ihò mọ́nítọ̀ ara kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá ti bàjẹ́.

GT 1030 ń jẹ wáàtì 30 péré, ó sì ń wọ àpótí pẹlẹbẹ. Ẹ ṣọ́ra fún oríṣi méjì rẹ̀. Èyí tí ìrántí rẹ̀ jẹ́ GDDR5 ń gbé 48GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó jáde ní 2018 pẹ̀lú DDR4 kò dé 17. Orúkọ kan náà ló wà lára páálí méjèèjì. Ẹ ka lẹ́tà kéékèèké.

Ohun mìíràn tó yẹ kí àwọn tó ń ṣe fídíò mọ̀ nípa GT 1030 ni pé kò ní ẹ̀rọ tó ń di fídíò pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbé iṣẹ́ jáde tán, èyí tí NVIDIA ń pè ní NVENC. Ẹ̀rọ yẹn ló ń sọ wákàtí di ìṣẹ́jú nígbà tí ìyàwó àti ọkọ bá ń pè yín pé fídíò wa dà. RX 6400 ti AMD, ilé iṣẹ́ tó ń bá NVIDIA díje, tó jáde ní 2022, kò ní irú rẹ̀ náà. RX 6400 dára fún géèmù, wáàtì 53 ló ń jẹ, àmọ́ ọ̀nà mẹ́rin péré ló ń gbà bá mọ́dábọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. Lórí PCIe 4.0 tí wọ́n ṣe é fún, ìyẹn tó o. Lórí PCIe 2.0 ti ìran kejì, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó yẹ ló ń rí gbà, ẹ ó sì rí i nínú géèmù.

GTX 1050 Ti, tó jáde ní 2016, ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀: 4GB, wáàtì 75, ó ní NVENC, low profile rẹ̀ wà. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Òun ni ìròyìn NVIDIA tí mo fi bẹ̀rẹ̀ bá wí. Driver ni ètò tó ń jẹ́ kí Windows àti káàdì gbọ́ ara wọn yé. Láti oṣù kẹwàá 2025, ìdílé GTX 10 kò ní rí driver tí wọ́n ṣe nítorí géèmù tuntun gbà mọ́. Àtúnṣe ààbò nìkan ni, lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta mẹ́ta, títí di oṣù kẹwàá 2028. Káàdì tó ti wà nílé yín kò ní dédé kú o. Àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà, GTX 1650 ni kó lé. Ó jáde ní 2019, wáàtì 75 kan náà ni, ìkéde yẹn kò kàn án. Ẹ kàn rí i dájú pé èyí tí kò ní ẹnu wáyà iná lórí ni ẹ mú, torí àwọn kan wà tó ní in.

Fún àpótí pẹlẹbẹ tí kò gba èyí tó sanra, èrò tèmi ni pé kí ẹ wá Quadro P1000 tàbí T1000. Káàdì ayàwòrán ilé àti oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni, NVIDIA ló ṣe wọ́n, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n kúrú. P1000 ń jẹ 47, T1000 ń jẹ 50. T1000 bá GTX 1650 dọ́gba ní iye ọwọ́ iṣẹ́, 896. P1000 jẹ́ ẹbí GTX 10, nítorí náà ohun tí mo sọ nípa driver kàn án. Ilé iṣẹ́ òkè òkun ń tú wọn sílẹ̀, a sì máa ń rí wọn láàárín ẹrù tòkunbọ̀.

Bí owó bá wà, RTX 3050 oní-6GB tó jáde ní oṣù kejì 2024 ń jẹ 70, láìsí wáyà, low profile rẹ̀ sì wà. Mi ò ní fi í sórí ohun tó kéré sí ìran kẹrin, processor kò ní lè bá a rìn.

Mọ́nítọ̀ yín ń lo ẹnu wo?

Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ ṣì ń lo VGA, ẹlẹ́nu búlúù onísíkúrúù méjì. NVIDIA ti yọ àmì VGA kúrò láti orí ìdílé GTX 10. HDMI, DisplayPort àti DVI-D ló wà lórí wọn, Quadro kéékèèké sì ń lo DisplayPort tín-ín-tín. Ẹ ó nílò àgbéwọ̀ tó ń yí HDMI tàbí DisplayPort padà sí VGA, èyí tó ní ẹ̀rọ kékeré nínú. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rà á yóò délé, yóò to gbogbo rẹ̀ tán, kò sì ní rí ibi ki wáyà sí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ayédèrú?

Àwọn kan máa ń mú GTS 450 ti ọdún 2010 tàbí GTX 550 Ti ti 2011, wọ́n á tún orúkọ inú rẹ̀ kọ, wọ́n á lẹ ìwé tuntun mọ́ ọn, ó di "GTX 1050 Ti". Windows pàápàá yóò ka orúkọ èké yẹn sí yín létí. Bí ẹ bá rí ihò VGA lórí káàdì tí wọ́n ní GTX 1050 Ti ni, ẹ fura. Kí ẹ sì ní kí wọ́n kì í sí kọ̀ǹpútà níṣojú yín, kí wọ́n ṣí GPU-Z. Láti 2018 ni GPU-Z ti ń kọ FAKE síwájú orúkọ irú káàdì bẹ́ẹ̀. Òǹtajà tó bá kọ̀ láti dán ọjà rẹ̀ wò níṣojú yín, ẹ kí i, kí ẹ kọjá.

Káàdì ńlá tòkunbọ̀ kan tún wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ owó kírípítò ni wọ́n fi ṣe tọ̀sán-tòru. Nígbà tí Ethereum, ọ̀kan nínú owó kírípítò, pa ọ̀nà yẹn tì ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án 2022, wọ́n tú wọn síta wìtìwìtì. Èyí kò sọ ọ́ di pàǹtí. Ẹ gbọ́ fáànù rẹ̀ bó bá ń hán, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tó gbóná fún bí ìdajì wákàtí, kí ẹ wò ó bóyá àmì aláwọ̀ mèremère ń tàn lójú mọ́nítọ̀ níbi tí kò yẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kì í?

Kí ẹ tó yọ nǹkan kan, ẹ ṣe àtúnṣe BIOS, ètò tó ń jí mọ́dábọ́ọ̀dù kí Windows tó dé. Ojú ìwé Dell, HP tàbí Lenovo ni ẹ ti máa gbà á. BIOS àtijọ́ lè má dá káàdì tuntun mọ̀. Orí UPS ni kí ẹ ti ṣe é, bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ yìí, mọ́dábọ́ọ̀dù lè má jí mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, kí ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí kí ẹ tó mú káàdì, pàápàá nígbà ọyẹ́, tí aṣọ òtútù àti kápẹ́ẹ̀tì ń fi iná kékeré sí wa lára. Iná tí ara wa kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ lè pa káàdì. Ẹ gbọn eruku jáde.

Ẹ yọ irin tó bo ojú ihò gígùn náà lẹ́yìn àpótí. Ẹ ó rí ike kékeré ní ìparí ihò, ìdè káàdì ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Ẹ gbé káàdì sójú ihò ní gbọọrọ, kí ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ lọ́gbọọgba títí ike yẹn yóò fi dún ṣáá. Bí apá kan nínú ìlà wúrà etí rẹ̀ bá ṣì ń yọjú, kò tíì wọlé. Ẹ de síkúrúù rẹ̀, kí ẹ sì ki wáyà mọ́nítọ̀ sí ara káàdì gan-an. Àìmọye èèyàn ló ti san owó iṣẹ́ fún oníṣẹ́ nítorí pé wọ́n dá wáyà padà sí ihò àtijọ́ tó wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù.

Bó bá tàn, àwòrán lè kọ́kọ́ tóbi gbàǹgbà-gbaǹgba. Ẹ lọ gba driver láti ojú ìwé NVIDIA tàbí AMD fúnra wọn. Ẹ̀yin tó ń ṣe fídíò, ẹ tún wọ inú BIOS kí ẹ wo bóyá ó ti pa káàdì kékeré inú processor. Intel ní ẹ̀rọ tó ń di fídíò pọ̀ níbẹ̀, Quick Sync ni wọ́n ń pè é. Bí BIOS yín bá gbà á, ẹ tan Multi-Display, kí méjèèjì jọ máa ṣiṣẹ́.

Kí ló máa ṣe fún iná ilé?

Bí káàdì bá ń sinmi, ohun tí irú èyí tí mo dárúkọ ń jẹ kò tó wáàtì mẹ́wàá. Ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́ ló ń jẹ 75. Géèmù wákàtí mẹ́rin yóò fà nǹkan bí wáàtì-wákàtí 300 nínú bátìrì inverter. Bátìrì kan tó jẹ́ 12V, 200Ah, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lórí ìwé jẹ́ 2,400. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ti lọ fún káàdì nìkan, ẹ kò tíì ka processor àti mọ́nítọ̀ mọ́ ọn.

Bí kò bá wá tàn ńkọ́?

Ẹ má tíì gbé e lọ bá ẹni tó tà á. Bí fáànù bá ń yí tí mọ́nítọ̀ dúdú, ẹ wo wáyà mọ́nítọ̀, lẹ́yìn náà ẹ yọ káàdì kí ẹ tún un kì. Bó bá ṣì dúdú, ẹ yọ káàdì, ẹ tan kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ihò àtijọ́. Bó bá tàn, ẹ wọ inú BIOS, ẹ wo Secure Boot àti Legacy, ètò méjì tó ń darí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń jí. Káàdì àtijọ́ gan-an kì í fẹ́ Secure Boot, káàdì tuntun kì í sábà fẹ́ Legacy. Bó bá jẹ́ pé ó ń tàn dáadáa ṣùgbọ́n tó ń kú pì nígbàkígbà tí géèmù bá le, iná ni kò tó: ẹ padà síbi ìwé pélébé ara power pack, kí ẹ tún ìṣirò yẹn ṣe.